Akàn Méje Tí Ẹnikẹ́ni Ò Rán Mi Rà

Ọjọ́ Sọ́ńdè kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi, kódà kí n darúgbó títí màá fi gbàgbé orúkọ ara mi. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé láti ìsinsìnyí lọ, èmi fúnra mi ni màá máa darí ayé mi. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, akàn méje ti dá sí ọ̀rọ̀ náà, gbogbo agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó sì ti fojú ara wọn rí i pé mi ò lè darí akàn, ká má tíì wá sọ ti ayé.

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà yẹn. Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ orí yẹn tàn yín jẹ. Mi ò tíì fọwọ́ ara mi ra ṣòkòtò rí. Àlàájà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó tọ́ mi dàgbà, ló ń rà á, òun náà ló sì ń yan èyí tí màá wọ̀. Láràárọ̀, kí n tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn, màá ti gbọ́ ìró sálúbàtà rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ṣàà, ṣàà, ṣàà. Yóò gbé aṣọ sórí àga, yóò ní, "Èyí ni wàá wọ̀. Oòrùn máa mú lónìí." Bí mo bá fẹ́ lọ gẹrun, Àlàájà á ti pe onígẹrun lórí fóònù kí n tó dé ibẹ̀. Ọkùnrin náà kì í bi mí ní nǹkan kan mọ́, á kàn gbé ẹ̀rọ lé mi lórí. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ Àlàájà ní Balógun ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èyí tó bá ní kí n kó síta ni mò ń kó síta. Kí n má purọ́ fún yín, ayé yẹn dùn. Ẹ̀fọ́rí kì í ṣe mí rárá, torí mi ò ní ohun tí mò ń rò.

Ilé wa náà, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni, tó ní fèrèsé onígi, tí kànga kan tí ẹnikẹ́ni ò pọn mọ́ sì wà láàárín àgbàlá. Bí o bá sín nínú yàrá kan, àwọn ará yàrá mẹ́ta ni yóò kí ọ. Òfin kan wà níbẹ̀ tí kò ṣe é rú: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ bàtà wọ pálọ̀ Àlàájà, nítorí kápẹ́ẹ̀tì tó gbé bọ̀ láti Mẹ́kà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wá láti ìdáná ni gbogbo ènìyàn ń bọ́ bàtà sí. Ti àwọn àgbà máa ń wà nítòsí ilẹ̀kùn, tiwa á wà lẹ́yìn, bí ìpàdé bá sì parí, ẹni tó kéré jù ni yóò to bàtà síwájú àwọn àgbà. Pẹ̀lú irùngbọ̀n mi, èmi ṣì ni mo kéré jù níbẹ̀.

Ohun tó fa wàhálà ni pé Bùrọ̀dá Múrí, àkọ́bí Àlàájà, ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ sí Kánò, ó sì ń wá ẹni tí yóò máa jókòó tì í. Wọ́n ti sọ ọ́ láàárín ara wọn pé èmi ni. Níbi ìpàdé ẹbí ọjọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìrun Àìlà, ni wọn yóò ti parí ọ̀rọ̀ náà, tó bá di Mọ́ńdè màá wọ ọkọ̀. Ẹnikẹ́ni ò bi mí. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra mi o. Kò kàn sí ẹni tó rántí pé ènìyàn lè bi mí ní nǹkan.

Bẹ́ẹ̀, ohun kan wà tí mo fẹ́. Oúnjẹ ni mo fẹ́ máa sè. Àǹtí Tèrésà, ará Pópó Àgùdà kan tó ń se oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ní Márínà, ti gbà láti kọ́ mi níṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ìdáná rẹ̀ lọ́sàn-án, tí mo máa ń ṣe bíi pé oúnjẹ ni mo wá rà. Ó ní kí n wá bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè yẹn gan-an, pé bí mi ò bá wá, òun yóò mú ẹlòmíràn. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ Kánò fún un, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ṣé o ti sọ fún wọn pé o ò fẹ́ lọ?"

"Rárá, mà."

"Kí wá lò ń dúró dè?"

Mi ò mọ ohun tí mò ń dúró dè. Bóyá mò ń retí kí Àlàájà bá mi sọ ọ́.

Ọ̀gbẹ́ni kan sì wà nínú fídíò orí fóònù mi tó máa ń jágbe láràárọ̀ pé kí n dìde, kí n di ìjánu ayé mi mú. Ó ti tó bí ọdún kan tí mo ti ń gbọ́ ọ, orí ibùsùn ni mo sì ti ń gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn, mo dìde. Ète mi ni pé mi ò ní sọ nǹkan kan níbi ìpàdé, ọbẹ̀ akàn ni màá sè fún wọn. Bí wọ́n bá ti tọ́ ọ wò, àwọn fúnra wọn á mọ̀ pé Kánò kọ́ ló yẹ mí. Ẹ ò rí i bí ojo ṣe ń gbọ́n.

Mo mú ọ̀nà ọjà Sandgrouse pọ̀n. Obìnrin tó ń ta akàn níbẹ̀ wo jalamíà funfun tí Àlàájà yàn fún mi, ó wo ojú mi.

"Bùrọ̀dá, ta ló rán yín?"

"Ẹnikẹ́ni ò rán mi. Èmi ni mo fẹ́ rà á."

"Ṣé wọn ò kọ ọ́ síwèé fún yín ni?"

"Wọn ò kọ nǹkan kan o."

Mo rí i lójú rẹ̀ pé àánú mi ṣe é. Ó di ọwọ́ akàn méje ní okùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn sínú ọ̀rá. "Ẹ fetí sílẹ̀ o," ló wí, "ẹ má tú okùn yìí títí tí wọ́n á fi wọ inú omi gbígbóná." Mo ní mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi tó jẹ́ pé láàárọ̀ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ibi tí wọ́n ń fi ìṣáná sí nílé wa.

Nígbà tí mo délé, Àlàájà ti lọ kí ẹnìkan ládùúgbò, ìdáná ṣófo. Mo gbé omi kaná, mo da àwọn akàn sínú bésìn, mo jókòó tì wọ́n. Mò ń wò wọ́n, àwọn náà ń wò mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín, àánú wọn ṣe mí. Èmi tí mo jí láàárọ̀ yẹn láti wá òmìnira, ṣé ó wá yẹ kí n fi ẹ̀dá ẹlòmíràn sínú okùn? Mo ní kí n kàn tú wọn díẹ̀, kí n lè fọ abẹ́ ọwọ́ wọn dáadáa. Mo tú ti àkọ́kọ́, kò mira. Mo tú ti èkejì, òun náà jókòó jẹ́jẹ́. Mo ní obìnrin yẹn kàn ń dẹ́rù bà mí ni. Mo tú gbogbo wọn tán, mo yíjú kúrò láti bu iyọ̀.

Ìgbà tí mo máa fi bojú wẹ̀yìn, bésìn ti dojú dé. Ẹ̀gbẹ́ ni akàn ń sá sí, ẹ ò lè mọ ibi tó ń lọ títí tó fi máa débẹ̀. Mo mú ọ̀kan lábẹ́ àpótí ìdáná, ó gé etí jalamíà mi. Mo mú méjì nídìí kànga. Níbi tí mo ti ń fi ìgbálẹ̀ lé ìkẹrin, mo yọ̀ ṣubú sínú omi akàn, mo fi ìdí jókòó. Ìyá àgbà kan tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ yọ orí lójú fèrèsé.

"Kí lò ń wá níbẹ̀?"

"Kò sí nǹkan, mà. Mò ń gbálẹ̀ ni."

"Ìwọ?" Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ti fèrèsé wọn.

Ó ṣẹ́kù mẹ́ta nígbà tí mo gbọ́ ohùn Bàbá, olórí ẹbí wa, lẹ́nu géètì. Mo pa iná, mo da ìkòkò dé àwọn mẹ́rin tí mo rí mú, mo gbé odó lé e.

Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n jókòó. Èmi náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, aṣọ mi ń rùn bí etí ọ̀sà. Àlàájà, tó ti dé, ń gbóòórùn kiri, ó sì ń wò mí. Bùrọ̀dá Múrí sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù náà dáadáa. Wọ́n ní ọmọ jẹ́jẹ́ ni mí, wọ́n ní mi kì í yájú. Wọ́n sọ yàrá tí màá máa sùn àti ẹni tí yóò máa fún mi lóúnjẹ, kódà ẹnìkan ti ń wo ọmọbìnrin kan sílẹ̀ fún mi níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ dára létí, àfi bíi pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo la ẹnu, mo tún pa á dé. Ọkàn mi bàjẹ́, ẹkún fẹ́ gbọ̀n mí, torí mo mọ̀ pé Àǹtí Tèrésà yóò máa wọ̀nà fún mi lọ́jọ́ kejì, mi ò sì ní yọjú.

"Ṣé ó ti parí?" Bàbá bi wọ́n.

"Ó ti parí, Bàbá," ni gbogbo wọ́n dáhùn.

Bàbá dìde. "Ó yá, bá mi to bàtà mi."

Mo fa bàtà aláwọ dúdú ńlá Bàbá síwájú wọn. Láti inú ti ọ̀tún, ojú kékeré méjì ń wò mí. Mo fẹ́ sọ ọ́, ẹnu mi kọ̀, bó ṣe máa ń kọ̀. Bàbá sì ti gbé ẹsẹ̀ sókè. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni wọ́n, dókítà sì ti kìlọ̀ pé ẹsẹ̀ wọn ò gbọdọ̀ gbọgbẹ́ nítorí àìsàn ìtọ̀ ṣúgà. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo ki ọwọ́ ara mi bọ inú bàtà náà.

Igbe tí mo ké, àwọn ará ojúlé kejì gbọ́ ọ. Mo fa ọwọ́ yọ, akàn bá a jáde, ó rọ̀ mọ́ ìka mi. Pálọ̀ pa rọ́rọ́. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: gbogbo ẹbí mi dákẹ́, wọ́n ń wo ẹnu mi, wọ́n ń dúró kí n sọ̀rọ̀. Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ mí lórúkọ.

"Ta ló rán ẹ ní akàn?" Àlàájà bi mí.

"Ẹnikẹ́ni ò rán mi, mà. Èmi ni mo rán ara mi." Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí, mi ò lè dá a dúró mọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ lọ sí Kánò. Iṣẹ́ oúnjẹ ni mo fẹ́ kọ́. Mo ti rí ẹni tó máa kọ́ mi, ọ̀la ló ní kí n wá. Ọbẹ̀ ni mo fẹ́ sè kí ẹ lè rí i fúnra yín. Ẹ má bínú, akàn méjì ṣì wà nínú ilé, mi ò mọ ibi tí wọ́n wà."

Gbogbo wọ́n ká ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀.

"Ki ọwọ́ ẹ bọ omi," Àlàájà ní, "á fi ẹ́ sílẹ̀." Mo sáré ki ọwọ́ bọ bọ́kẹ́ẹ̀tì, akàn fi mí sílẹ̀. Ẹ wò ó, lọ́jọ́ òmìnira mi gan-an, àṣẹ Àlàájà náà ló tú mi sílẹ̀.

Bàbá tún jókòó. "Àlàájà, ṣé ẹ mọ̀ pé ọmọ yìí lẹ́nu?"

"Kò bá mi sọ ọ́ rí," ni Àlàájà wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Mo rò pé ohun tí mò ń ṣe fún un ló fẹ́ ni." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju akàn lọ.

Bùrọ̀dá Múrí ní ẹni tí yóò jókòó ti ṣọ́ọ̀bù ò ṣòro wá, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ bá òun wo inú bàtà òun ná. Ibẹ̀ la ti rí ìkẹfà. Bàbá sì ní òun ò lọ síbì kankan títí òun á fi jẹ ọbẹ̀ tí mo sọ.

Mo sè é. Àlàájà dúró lẹ́nu ọ̀nà ìdáná, ó káwọ́ sẹ́yìn. Nígbà tí mo bu iyọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan tó ti wọlé, mo sì rí i bó ṣe fà á padà. Ọbẹ̀ náà níyọ̀ débi pé ife omi mẹ́rin ni Bàbá mu sí i, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ akàn méjì. Wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n ní, "Kó lọ kọ́ ọ. Ó yẹ kó kọ́ ọ."

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo gbọ́ sálúbàtà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ṣàà, ṣàà, ṣàà. Kò sí aṣọ lọ́wọ́ Àlàájà. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó bi mí, "Aṣọ wo lo fẹ́ wọ̀?" Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò mọ̀. Mo dúró síwájú àwọn aṣọ yẹn títí mo fi pẹ́ dé Márínà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ iṣẹ́ mi.

Ìdáná tèmi wà ní Èkó níhìn-ín báyìí, iyọ̀ mi sì ti mọ níwọ̀n. Àlàájà ti lọ bá Ọlọ́run. Wọ́n ti wó ilé wa, ilé ìtajà ńlá ló wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì bọ́ bàtà kó tó wọ ọ́. Nígbà mìíràn, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi máa ń bi mí bí ènìyàn ṣe ń fọwọ́ ara rẹ̀ di ayé rẹ̀ mú. Ohun tí mo mọ̀ ò pọ̀. Ẹnikẹ́ni ò gba ayé mi lọ́wọ́ mi, èmi ni mo gbé e fún wọn pé kí wọ́n bá mi dì í mú, torí ó rọ̀ mí lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo béèrè rẹ̀, wọ́n dá a padà fún mi. Mo lè ti béèrè rẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn, láìra akàn kankan.

Akàn keje, a ò rí i títí wọ́n fi wó ilé náà, mo sì máa ń gbọn bàtà mi kí n tó wọ̀ ọ́ di òní. Láràárọ̀, màá dúró síwájú aṣọ, màá ronú. Àwọn àárọ̀ kan wà tí mo máa ń dúró pẹ́ díẹ̀, tí màá máa fetí sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn fún sálúbàtà tí kò bọ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà, màá fi ara mi rẹ́rìn-ín, màá mú èyí tó fúyẹ́, màá sì sọ fún ara mi pé, "Oòrùn máa mú lónìí."