Ẹnu Tí Kì í Yin Ọjà

Ṣòkòtò mi tó dáa jù wà lórí okùn lọ́jọ́ náà, èmi náà sì wà lórí àpótí ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù Ìyá Alágbàfọ̀, mo ró aṣọ ìbora mọ́dìí, mò ń dúró kó gbẹ. Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ṣojú mi nìyẹn. Bí mo bá sì bù mọ́ ọn níbì kan, iyọ̀ ni mo fi sí i, kì í ṣe irọ́. Ọkọ ọmọ Ìyá ló já wọlé, ọ̀gbẹ́ni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Mo-Ti-Mọ̀-Ọ́n-Tẹ́lẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá ìyàwó rẹ̀ lórí ilẹ̀ tó rin fún omi ọṣẹ, ó sì yọ̀ tẹ̀rẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí bàsíà.

ÌYÁ (ó fi ẹsẹ̀ dá a dúró): Dìde, ọkọ ọmọ mi. Ilẹ̀ ti jẹ́ ọ.

ÀNA: Ìyá, oore ti dé! Ilé-iṣẹ́ ọṣẹ Alákàn ń ṣe ìdíje. Wọ́n ń wá ẹni tó máa kọ̀wé sórí búlọ́ọ̀gì wọn.

ÌYÁ: Sórí kí ni?

ÀNA: Búlọ́ọ̀gì, mà. Ẹ kàn mú un bíi pátákó ńlá tí gbogbo ayé lè kà látorí fóònù. Òǹkọ̀wé àlejò ni wọ́n ń wá.

ÌYÁ: Àlejò? Kí n wá di ẹrù nìyẹn. Ta ló máa bá mi ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù?

ÀNA: Ẹ ò ní lọ síbì kankan. Ibí yìí gan-an lẹ ti máa ṣe àlejò wọn.

ÌYÁ: Kí n ṣe àlejò nínú ṣọ́ọ̀bù ara mi? Ta ló máa wá fún mi lómi mu?

ÀNA: Ìyá, ẹ gbọ́ mi ná. Ẹni tó bá wọlé á máa kọ̀wé síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún odidi ọdún kan. Àwòrán rẹ̀ àti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ á máa wà lókè níbẹ̀ gàdàgbà. Kò sẹ́ni tó ń ra Alákàn nílùú yìí tí kò ní rí i.

(Ìyá rọra gbé ẹ̀wù tó ń fún sílẹ̀. Ó wo òdìkejì títì, níbi tí ilé ìfọṣọ elẹ́rọ tuntun ti ń kùn bí agbọ́n. Látìgbà tí wọ́n ti ṣí i ni àwọn okùn Ìyá ti ṣófo. Èmi fojú ara mi rí ẹyẹlé kan tó ti sọ ọ̀kan di ilé, tó tún ti ń gba àyálégbé.)

ÌYÁ: Bí ojú mi bá wà níbẹ̀ fún ọdún kan, ṣé àwọn oníbàárà mi á padà?

ÀNA: Wọ́n á padà, wọ́n á tún kó ará ilé wọn dání. Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́ pé bí nǹkan ò bá yí padà, ìparí oṣù yìí lẹ máa ti ilẹ̀kùn yìí pa.

ÌYÁ: Mi ò fẹ́ tì í. Fa àga yẹn. Kí ni wọ́n ní ká kọ?

ÀNA: Ìdí tẹ́ ẹ fi fẹ́ràn ọṣẹ Alákàn. Ọ̀ọ́dúnrún ọ̀rọ̀ péré. Ìrọ̀lẹ́ òní ni wọ́n ń gbà á mọ.

ÌYÁ: Ọ̀ọ́dúnrún ti wọ́n jù. Sọ fún wọn pé àádọ́jọ ni mo ní.

ÀNA: Ìyá, ọ̀rọ̀ ni, kì í ṣe ata. Wọn kì í ná an.

ÌYÁ: Kí ni wọn kì í ná láyé yìí? Bí ẹnu kan bá ti dá iye, ẹnu kejì gbọ́dọ̀ já a wálẹ̀ ni. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n ti rẹ́ ọ jẹ.

ÀNA (ó ti fa fóònù yọ): Ó dáa, mà. Wọ́n ní ká kọ́kọ́ sọ ẹni tẹ́ ẹ jẹ́, ní ìlà kan.

ÌYÁ: Kọ ọ́ pé tálákà ni mí.

ÀNA: Ìyá!

ÌYÁ: Ẹni tó bá mọ̀ pé o ní, ṣé á dín in fún ọ ni?

ÀNA: Wọ́n tún fẹ́ fọ́tò yín. Ẹ wojú mi. Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀.

ÌYÁ (ó yọ yẹtí rẹ̀ sápò, ó fajú ro bí ẹni tí wọ́n gbé ayédèrú lé lọ́wọ́): Ta ló ń rẹ́rìn-ín sí ọlọ́jà? Yà á bẹ́ẹ̀.

ÀNA: Ó yá, ẹ máa sọ̀rọ̀, èmi á máa tẹ̀ ẹ́. "Mo fẹ́ràn ọṣẹ Alákàn nítorí pé..."

ÌYÁ: Nítorí pé kò sí òmíràn nílé. Ọṣẹ náà kéré. Ó sì tún ń kéré sí i. Alákàn tí wọ́n yà sára páálí rẹ̀ gan-an ti rù, wò ó, bí ẹni tó ń ṣàìsàn.

ÀNA: Ìyá, ìyìn ni wọ́n ń wá!

ÌYÁ: Òórùn rẹ̀ ńkọ́? Bí ìgbà téèyàn gbàgbé òdòdó sínú bàtà.

ÀNA: Háà! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò fọwọ́ kan ọṣẹ mìíràn látìgbà tí ìyàwó mi ti ń rákò! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lé mi jáde lọ́jọ́ tí mo gbé oríṣi mìíràn wá ta yín lọ́rẹ!

(Ìyá wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó wo abẹ́ tábìlì. Ó wò mí, ó rí i pé aṣọ ìbora lásán ni mo ró, kò kà mí sí.)

ÌYÁ (wúyẹ́wúyẹ́): Ṣé wọ́n ń gbọ́ wa?

ÀNA: Àwọn wo?

ÌYÁ: Àwọn tó ni ọṣẹ.

ÀNA: Rárá o.

ÌYÁ: Mo fẹ́ràn rẹ̀ dọ́ba. Bó bá ti kan omi báyìí, ìdọ̀tí á ti máa wá ọ̀nà ilé... Kí lò ń tẹ̀? Má kọ ìyẹn! Pa á rẹ́!

ÀNA: Ohun tí wọ́n ń béèrè gan-an lẹ sọ yẹn!

ÌYÁ: Ìwé tó o kà yìí, ó ṣe mí láàánú. Mo ti ń rajà kí wọ́n tó bí ọ, n ò sì yin ọjà lójú ọlọ́jà rí. Ìwọ lọ sọ fún ẹni tó ń ta bàtà pé bàtà rẹ̀ ni kò jẹ́ kó o sùn lóru àná, kó o wá bi í pé èló ni. Ohunkóhun tó bá bù lé ọ, ìwọ lo fà á. Bí mo bá kọ ọ́ sórí pátákó gbogbo ayé pé Alákàn dára, kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, wọ́n ti fowó lé e. Gbogbo alágbàfọ̀ ìlú á wá máa nàka sí mi: "Ẹ wò ó, ìyá tó yìn ín nìyẹn!"

ÀNA: Ilé-iṣẹ́ ńlá ni wọ́n, Ìyá. Ṣebí wọ́n ti mọ̀ pé ọṣẹ àwọn dáa.

ÌYÁ: Ta ló sọ fún wọn? Kì í ṣe èmi. Bí ọlọ́ṣẹ ìkóríta bá gbé e wá, mo máa ń fi ìka méjì gbé e ni, bí ẹni gbé eku tó ti kú. Mo máa ń bi í pé, "Èyí náà ni ọṣẹ?" Bó ṣe máa ń dín in fún mi nìyẹn. Títí dòní, kò mọ̀ pé bí òun ò bá wá, mi ò ní jẹun.

(Mo-Ti-Mọ̀-Ọ́n-Tẹ́lẹ̀ mí kanlẹ̀. Ìmí náà lágbára débi pé ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi jù fìrìfìrì lórí okùn.)

ÀNA: Kò burú. Ẹ fi sílẹ̀ fún mi, mo mọ̀ ọ́n kọ. Ẹ gbọ́: "Ìwọ ọṣẹ Alákàn, ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ mi, alábàárò ọkàn mi, bí kì í bá ṣe ìwọ, kí ni ǹ bá fi ayé ṣe..."

ÌYÁ: Ta ló kú?

ÀNA: Kò sẹ́ni tó kú, mà. Ìfẹ́ ni.

ÌYÁ: Bí o ṣe kọ̀wé sí ọmọ mi nígbà yẹn náà nìyí. Mo kà á, mo bi í pé, "Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí, ṣé ìyàwó ló ń wá ni àbí òkú ló ń sin?" Pa á rẹ́.

(Ó pa á rẹ́. Oòrùn ti ń fà lọ sẹ́yìn òrùlé. Òógùn bo ojú ọ̀gbẹ́ni náà. Ó wo fóònù, ó wo Ìyá, ó wo ọṣẹ. Lójijì ó mú ọṣẹ náà, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó yínmú sí i.)

ÀNA: Ẹ dúró ná, Ìyá. Òótọ́ lẹ sọ. Ọṣẹ yìí ò dáa.

ÌYÁ: Kí lo wí?

ÀNA: Mo ní kò dáa. Kì í hó.

ÌYÁ: Kì í ṣe kí ni?

ÀNA: Ká má tan ara wa, omi lásán sàn jù ú. Èyí tí wọ́n ń lò lódìkejì yẹn...

(Ìyá dìde. Bó ṣe dìde báyìí, mo rí i tí òrùlé sún sókè láti fún un láyè.)

ÌYÁ: Ìwọ! Ìwọ yìí! Ẹ̀wù funfun tó o da ọbẹ̀ sí láyà lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ, kí wọ́n tó ṣàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ pàápàá, kí ni mo fi fọ̀ ọ́? Ṣé itọ́ ni? Mo fi Alákàn kàn án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọbẹ̀ fúnra rẹ̀ ló tọrọ gáfárà! O ní kì í hó? Ọṣẹ tó jẹ́ pé bí mo bá ń fi fọṣọ láàárọ̀, àwọn ará ilé kejì á rò pé kùrukùru ló sọ̀! Aṣọ mẹkáníìkì tó ń dá dúró bí igi nítorí epo, ṣebí òun ni mo fi fọ̀ ọ́? Nígbà tó wá gbà á, ó ní aṣọ dókítà ni mo gbé fóun, òun ò ní lè wọ̀ ọ́ wọ abẹ́ mọ́tò mọ́!

ÀNA (ó ti fa aṣọ kan bo itan, ọwọ́ rẹ̀ kan ń ṣiṣẹ́ wéréwéré lábẹ́ rẹ̀): Ẹ má bínú, mà, àmọ́ wọ́n ní ó máa ń bó èèyàn lọ́wọ́.

ÌYÁ: Wo ọwọ́ mi! Mo ní kó o wò ó! Látìgbà tí bàbá ìyàwó rẹ ti fi mí sílẹ̀ lọ sọ́run ni ọwọ́ yìí ti wà nínú omi. Ọṣẹ ọlọ́ṣẹ ti bó ọwọ́ ẹgbẹ́ mi bí ẹni bó iṣu, èyí ò bó mi rí. Nígbà tí kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn mi, òun ló wà lọ́wọ́ mi. Owó ilé ìwé ọmọ tó o fẹ́ yẹn, inú ìhó rẹ̀ ni mo ti ń ṣà á jáde!

ÀNA: Ẹ rọra, mà. "Inú ìhó rẹ̀" ni mo ṣì wà.

ÌYÁ: O wà níbo?

ÀNA (ó ti wà ní ìdọ̀bálẹ̀): Mo ti fi ránṣẹ́.

ÌYÁ: O fi kí ni ránṣẹ́?

ÀNA: Ohun tẹ́ ẹ sọ, mà. Látorí ọbẹ̀ mi títí dórí owó ilé ìwé.

ÌYÁ (ó káwọ́ lérí): O gbé ìyìn lọ fún ọlọ́jà! Ọṣẹ ti gbówó lórí! Dìde níbẹ̀ yẹn, sáré lọ sí ìkóríta, ra páálí kan kí ọlọ́ṣẹ tó gbọ́!

(Kí ọ̀sẹ̀ náà tó yí po, ṣòkòtò mi ti gbẹ, ṣùgbọ́n mo ti dọ́gbọ́n da epo sí i kí n lè rí ìdí padà wá. Orí àpótí kan náà ni mo wà nígbà tí fóònù dún. Ó dún tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹlé fi lọ tòun ti àyálégbé.)

ÀNA: Ìyá! Àwọn ni! Àwọn Alákàn ni! Ẹ gbé e!

ÌYÁ (ó nu ọwọ́, ó gbé e sétí, ó gbé ohùn ọjà wọ̀): Ta nìyẹn? ... Hẹn-ẹn. ... Èmi ni mo wọlé? Nínú gbogbo wọn? (Ó jókòó sórí bàsíà tó wà ní ìdojúbolẹ̀.)

ÀNA: Ẹ dúpẹ́, mà! Ẹ dúpẹ́!

ÌYÁ (ó fọwọ́ bo fóònù): Dákẹ́. Ẹni tó bá yára dúpẹ́, ó ti ṣí àpò rẹ̀ han ọlọ́jà. (Sínú fóònù) Mo ti gbọ́. Kò burú náà. Títí dìgbà wo lẹ ní kí n fi máa kọ ọ́? ... Oṣù méjìlá?

ÀNA: Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni!

ÌYÁ: Oṣù méjìlá ti pọ̀ jù!

ÀNA: Yéè! Mo gbé!

ÌYÁ: Rárá o, ẹ já a wálẹ̀. Ẹ sọ èyí tẹ́ ẹ máa gbà gan-an. ... Mẹ́wàá? Mẹ́wàá kẹ̀! Ṣé ẹ ò mọ bí ìlú ṣe le ni? Mẹ́ta.

ÀNA (ó di ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ mú): Ìyá, àwọn ló ń fún wa! Àwa kọ́ là ń sanwó! Oníbàárà yín ló wà nínú oṣù kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ̀ ń já yẹn!

ÌYÁ: Ìwọ tó jẹ́ pé iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè lo máa ń san, o fẹ́ kọ́ mi lọ́jà? (Sínú fóònù) Mẹ́ta ni mo wí. Ẹ ò gbà? Ó dáa, mò ń lọ nìyẹn.

(Ó sì ń lọ lóòótọ́. Ó gbé fóònù sétí, ó fẹsẹ̀ rìn jáde sí ojú títì, ó ń rọra lọ bí oníbàárà tó ń retí kí wọ́n pe òun padà. Kò rántí pé etí rẹ̀ ni ọlọ́jà wà, pé òun ló ń gbé e lọ.)

ÌYÁ (láti ìta): Ẹ ní kí n dúró? ... Mẹ́ta náà? ... Ẹ gbà? Ó ti parí. Ẹ ṣeun, ẹ kí ilé.

(Nígbà tó wọlé, ọkọ ọmọ rẹ̀ ti na gbalaja sórí ilẹ̀ tútù. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ìkíni.)

ÀNA: Odidi ọdún kan! Ìyá, ẹ gé odidi ọdún kan kù sí oṣù mẹ́ta! Ṣé kò tiẹ̀ dùn yín?

(Ìyá wo òdìkejì títì. Ó wo fóònù. Ojú rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀, ó sì jókòó tì í lórí ilẹ̀.)

ÌYÁ: Ó dùn mí dé egungun, ọmọ mi. Ṣé ìwọ náà gbọ́ bí wọ́n ṣe gbà á kíákíá? Iye tí mo dá ti pọ̀ jù. Ká ní mo mọ̀ ni, oṣù kan ṣoṣo ni ǹ bá pè é!