Àmì Pupa Ojú Kọ̀ǹpútà Samiratou

Ẹjọ́ tó wọ ààfin Baálẹ̀ Láwàlì ní àdúgbò Dapoya ní Ouaga lánàá kò lẹ́jẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n obìnrin tó gbé e wá fẹ́rẹ̀ẹ́ ta á sílẹ̀. Samiratou ni, ẹni tó ń tẹ káàdì ìgbéyàwó àti ti ìsọmọlórúkọ. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ àyà bí ìyá tí wọ́n na ọmọ rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ sáàárín ìgbìmọ̀ lábẹ́ igi máńgòrò.

"Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́. Ẹ wo àmì pupa mẹ́ta yìí. Ọ̀dà èékánná mi ni mo fi tò wọ́n sójú rẹ̀. Mi ò kàwé, ara mi ni mo kọ́ níṣẹ́. Mo tẹ ibi àmì kìíní, káàdì á ṣí. Ìkejì, òdòdó á yí i ká. Ìkẹta, ìwé á jáde. Ọdún mẹ́sàn-án rèé, wọn ò ṣì mí lọ́nà rí."

"Kí ló wá dé?"

"Ẹ bi Ismaël!"

Ismaël, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Samandin, tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ tò. "Baálẹ̀, mise à jour ni mo ṣe fún un. C'est une amélioration."

"Sọ ọ́ ní èdè tí ìyá rẹ fi rẹ̀ ọ́ lẹ́kún."

"Mo sọ inú rẹ̀ di tuntun. Ó ti dára sí i."

"Dára fún ta ni?" Samiratou ló já lu ọ̀rọ̀. "Mo tẹ àmì kìíní, ó ní yìnyín ń bọ̀ lọ́la. Yìnyín! Ní Ouaga, nínú oṣù kẹrin! Mo tẹ ìkejì, ó béèrè orúkọ ìyá mi. Ìyá mi ti kú, kí ló fẹ́ bá a sọ? Mo tẹ ìkẹta, gbogbo rẹ̀ dúdú. Bẹ́ẹ̀ Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni ìgbéyàwó Fatimata. Ìyá rẹ̀ ní bí káàdì ò bá jáde lọ́la, òun á gbé iṣẹ́ náà lọ fún atẹ̀wé míì ní Zone du Bois, kí gbogbo Dapoya lè mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi."

Baálẹ̀ yíjú sí Ismaël. "Ta ló rán ọ níṣẹ́?"

"Kọ̀ǹpútà náà ni. Mo wá fi iná sí fóònù mi ní ṣọ́ọ̀bù Tàńtí Samiratou ni, mo bá rí i tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀ọ́ tún òun ṣe. Ọdún mẹ́ta ló ti ń bẹ Tàńtí! 'Ó dìgbà míì' ni Tàńtí ń dá a lóhùn. Àánú ló ṣe mí. Baálẹ̀, bí ọkùnrin bá tọrọ ọmọ yín fún ọdún mẹ́ta, ṣé ẹ ò ní fún un?"

Ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín. Samiratou kò rẹ́rìn-ín.

"Mo sì gbàyè," ni Ismaël wí. "Tàńtí ní 'd'accord', pé òun gbà."

Monique, tó ń ta dégué oníwàrà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà, fò dìde. "Irọ́! Èmi ló dá lóhùn. Mo bi í bóyá kí n fi ṣúgà kún dégué rẹ̀."

"Monique ò tiẹ̀ wá lọ́jọ́ náà," ni Nuru télọ̀ wí, "ṣọ́ọ̀ṣì ló lọ."

"Lọ́jọ́ Ajé? Ìwọ tó ń sùn lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, kí lo rí?"

"Ohun tí mo bá rí lójú oorun náà, mo rí i!"

"Barka, ẹ ṣé, ó tó." Baálẹ̀ gbọ́wọ́ sókè. "Ismaël, ṣé o lè dá a padà sí ti àtijọ́?"

"Kì í padà sẹ́yìn, Baálẹ̀. Tàńtí kàn ní láti s'adapter ni."

"Bí ọ̀rọ̀ bá ti dán báyìí," ni Samiratou wí, "ẹ máa ṣọ́ ọwọ́ ẹni tó ń sọ ọ́."

"Ní Yorùbá, Ismaël," ni Baálẹ̀ wí.

"Kó fara mọ́ ọn."

Baálẹ̀ sọ nǹkan sétí Ìyálóde Rùkáyàt. Ìyálóde jáde. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó wọlé, ó ń nu epo kúrò lọ́wọ́.

"Ismaël, alùpùpù rẹ dà?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Ó wà lẹ́nu géètì."

"Kò sí níbẹ̀ mọ́. A ti ṣe mise à jour fún un. Ibi tó wà báyìí dára sí i."

"Níbo ni, Baálẹ̀?"

"Fara mọ́ ọn."

Igi máńgòrò fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ẹ̀rín. Baálẹ̀ kò tíì parí.

"Títí kọ̀ǹpútà yìí yóò fi rántí ibi tí nǹkan wà, ìwọ ni àmì. Bí Samiratou bá ti ṣílẹ̀kùn, wàá jókòó tì í títí yóò fi tìlẹ̀kùn. Bó bá ní 'Kìíní!', fi ìka rẹ síbi tó yẹ. Samiratou, ṣé ọ̀dà yẹn ṣì kù?"

"Ó kù, Baálẹ̀."

"Fi kun èékánná rẹ̀ mẹ́ta, kó o má baà ṣì í mọ̀."

Láàárọ̀ òní, káàdì Fatimata jáde tòun tòdòdó. Monique ti pe gbogbo àdúgbò wá wo èékánná Ismaël. Nígbà tí Samiratou fi máa tẹ káàdì karùn-ún, ojú rẹ̀ ti ń débẹ̀ ṣáájú ìka ọmọkùnrin náà. Ó ti mọ ibi tí gbogbo nǹkan ṣí lọ.

Kò wí fún un.

"Ìkejì!" ló ké. "Àmì, má sùn!"