Ẹ̀rọ Ìgékoríko Shittu àti Òfin Baálẹ̀

Ẹjọ́ kan wọ ààfin lánàá ní Stone Mountain, ní Amẹ́ríkà níbí. Ààfin náà ni gáréèjì Olóyè Dáramọ́lá, Baálẹ̀ àwọn Yorùbá àdúgbò wa, ẹni tó fẹ́ kí á máa pe òun ní Kábíyèsí. Ó ti kà á níbì kan pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, ohunkóhun tó bá pa ènìyàn di ti ọba. Òfin náà dùn mọ́ ọn. Ó kàn yọ ikú kúrò níbẹ̀, ó ní ìpalára èyíkéyìí ti tó. Láti ìgbà náà ni àkàbà tó gbé Uncle Eli, aládùúgbò wa kan, ṣubú ti fìdí kalẹ̀ sí ààfin.

Aunty Ṣìkẹ́mi, olùpẹ̀jọ́, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Kábíyèsí, ẹ̀rọ ìgékoríko Shittu wọ ọgbà mi, ó sì gé gbogbo ewúro mi mọ́lẹ̀. Ewúro tí mo tọ́jú la òtútù já."

"Ta ló wà lórí ẹ̀rọ?" Baálẹ̀ béèrè.

"Kò sí ẹnì kankan, sà," Shittu dáhùn. Iṣẹ́ koríko gígé ló fi ń bọ́ ọmọ. "Mo ti sọ̀ kalẹ̀."

"Ẹ̀rọ ń lọ, o sọ̀ kalẹ̀?"

"Ìdí wà níbẹ̀, sà."

"Irọ́ ni," Uncle Ọláníyọnu, ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́, gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. "Ojú mi méjèèjì ló rí i. Orí ẹ̀rọ ló wà, ó ń rẹ́rìn-ín."

"Níbo lẹ dúró?"

"Mo wà ní shift ní ìlú Douglasville lọ́hùn-ún."

Praise, ìyàwó Uncle Ọláníyọnu, ní òun wà nílé ní tòun. Ẹ̀rọ náà dá nìkan kọjá, ó sì yà ní kọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ̀nà. Shittu ń sùn lórí koríko.

"Mi ò sùn, mà. Mo dọ̀bálẹ̀."

"Fún ta?" Baálẹ̀ bi í.

"Fún yín, sà. Ẹ̀yin lẹ pè mí lórí fóònù pé kí n wá gé koríko ààfin lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé kí n jókòó dá ọba lóhùn?"

Baálẹ̀ wúkọ́.

"Ọmọlúàbí ni ọ́. Àmọ́ òfin ni òfin: ẹ̀rọ náà di ti ààfin." Ojú rẹ̀ ti wà lára koríko tirẹ̀, tó ti dé orúnkún.

"Oúnjẹ ọmọ mi nìyẹn, sà."

Olóyè Bridget, nọ́ọ̀sì tó jẹ́ Ìyálóde, gbé orí sókè láàárín ìgbìmọ̀ ààfin.

"Kábíyèsí, kí ló gbé Shittu kúrò lórí ẹ̀rọ?"

"Ìpè ni."

"Inú kí ni ìpè náà ti wá?"

Baálẹ̀ fọwọ́ bo àpò rẹ̀. "Láti ìgbà wo ni òfin ti ń mú ọba?"

"Láti ìgbà tí ọba ti ṣe é, sà. Ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún làwọn Gẹ̀ẹ́sì fi jà kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Àwa ò ráyè. Mo ní shift lọ́la."

Ìgbìmọ̀ fohùn ṣọ̀kan. Kí Shittu máa gun ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Fóònù Baálẹ̀ ni a gbẹ́sẹ̀ lé. Ọwọ́ Aunty Ṣìkẹ́mi ni yóò wà títí ewúro yóò fi rúwé. Bí Kábíyèsí bá fẹ́ pe ẹnikẹ́ni, kó kọ́kọ́ wá bomi rin ọgbà.

Aunty Ṣìkẹ́mi ti sọ fóònù sínú báàgì nígbà tó dún. Kí ó tó wo ẹni tó ń pè, Shittu ti dọ̀bálẹ̀.