Ọjọ́ Tí Mo Ṣe Tálákà Lẹ́nu Géètì

Ọjọ́ kan wà nínú ayé mi tó jẹ́ pé bí mo bá rántí rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà, àfi kí n yáa fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyàwó mi á ní, "Ó tún ti dé o." Ó mọ̀ pé ẹ̀rín ọjọ́ tí mo di tálákà ló ń pa mí.

Ìgbà yẹn, mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Ìgàndó, nítòsí títì tó lọ sí Ìkòtún. Ara mi gbóná, mo sì rò pé èmi nìkan ni màá tún ayé ṣe. Bọ́sẹ̀ ni mo fẹ́ fẹ́. Bọ́sẹ̀ ti gbà, bàbá rẹ̀ ti gbà, ó wá ku ìyá rẹ̀. Màmá Bọ́sẹ̀, aláṣọ funfun tí kì í fi àdúrà ṣeré, wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Tíṣà. Ṣé tíṣà máa lè bọ́ ọmọ mi báyìí?" Kóòtù tí mo yá wọ̀ ni kò jẹ́ kó lé mi jáde. Ó ní òun á lọ gbàdúrà sí i, tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, òun á fún mi lésì. Láti ìgbà náà, oorun ò kùn mí mọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni iṣẹ́ kíláàsì mi bọ́ sórí ìdàgbàsókè àgbáyé àti bí wọ́n ṣe ń dín òṣì kù. Mo kọ ọ́ sójú pátákó gàdàgbà. Mo ní, "Òṣì wà káàkiri ayé." Gbogbo kíláàsì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Kì í ṣe tiwa o!" Mo ní, "Ó lè kan ẹnikẹ́ni." Wọ́n ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Mo ní àwọn orílẹ̀-èdè ti fọwọ́ sowọ́ pọ̀ kí omi tó mọ́, iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ lè kárí. Wọ́n ní, "Àmín, lágbára Ọlọ́run!" Tíṣà kíláàsì kejì yọjú lójú fèrèsé, ó ní ṣé à ń ṣe ìsọjí ni.

Mo wá ní ká fi ṣe eré. Kí ẹnì kan ṣe tálákà, kó jókòó síta, kí àwọn yòókù dúró lẹ́yìn géètì, kí wọ́n máa wo bí ará àdúgbò ṣe máa ṣe sí i. Mo wá tálákà tì. Kẹ́mi, ọmọbìnrin tó lẹ́nu jù nínú wọn, dìde.

"Sà, ẹ má bínú. Tí ìyá mi bá gbọ́ pé mo ṣe tálákà, kódà nínú eré, gbogbo wa la máa gbààwẹ̀ nílé."

Wọ́n fẹ́ ṣe gómìnà, wọ́n fẹ́ ṣe olówó tó ń tawọ́ ṣàánú. Tálákà ló wọ́n. Ni mo bá fi ìbínú sọ pé, "Ó dáa, èmi fúnra mi á ṣe é!" Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́.

Mo yá ẹ̀wù tí Bàbá Rájí, tó ń ṣọ́ géètì wa, fi ń ro koríko. Ihò ibẹ̀ ju aṣọ ibẹ̀ lọ. Mo fi èédú ra ojú, mo fi àkísà borí, mo gbé abọ́ páànù síwájú, mo jókòó.

Kí n má purọ́, ó kọ́kọ́ dùn mọ́ mi. Ọlọ́kadà kan dúró kó lè bú mi dáadáa: "Pẹ̀lú gbogbo ara yìí! O ò lọ ṣiṣẹ́? Ọ̀lẹ!" Ìyá alákàrà kan fi àkàrà sínú abọ́ mi, mo sì jẹ ẹ́, torí pé ó gbóná, ebi sì ń pa mí ní tòótọ́. Mo ní kíláàsì yìí ń lọ dáadáa jàre.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ agogo. Àwọn ìyá aláṣọ funfun ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, láìwọ bàtà, orin lẹ́nu wọn. Ta ló ṣíwájú? Yéè! Màmá Bọ́sẹ̀!

Mo fa àkísà bojú, mo ní wọ́n á kọjá. Kọjá kẹ̀? Aláṣọ funfun wo ló máa rí ẹni tí ìyà ń jẹ tí kò ní gbàdúrà fún un?

"Ọmọ mi, kí lorúkọ ẹ?" Màmá béèrè.

Bí mo bá lanu pẹ́nrẹ́n, á dá ohùn mi mọ̀. Mo mi orí.

"Ẹ̀ẹ́!" ó kígbe. "Ó tún yadi!"

Wọ́n yí mi ká. Ọ̀kan ń lu agogo sí mi létí kí ahọ́n mi lè tú. Màmá Bọ́sẹ̀ gbé ọwọ́ méjèèjì lé mi lórí, ó ń tẹ̀ mí mọ́lẹ̀: "Ìwọ òṣì tó de ọmọ yìí, tú u sílẹ̀! Má bá a délé! Má bá a dé ilé àna rẹ̀!" Èmi náà ń ṣe àmín nínú, torí pé ọ̀rọ̀ náà kàn mí. Kí ni mo tún gbọ́? Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń bá wọn gbè é láti ẹ̀yìn géètì: "Àmín! Àmín!"

Ni wọ́n bá da omi àdúrà lé mi lórí. Èédú ṣàn lọ, àkísà bọ́. Màmá Bọ́sẹ̀ lajú. Ó wò mí. Mo wò ó.

"Ẹ káàsán, mà," ni mo sọ.

"Ó ti sọ̀rọ̀!" Àwọn yòókù pariwo, wọ́n sì gbé orin ọpẹ́.

Màmá nìkan ni kò kọrin. "Tíṣà? Ṣé ibi tó dé nìyí? Kóòtù yẹn ńkọ́?"

"Mà, eré ni. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ni."

"Ò ń kọ́ wọn ní agbe!"

Kẹ́mi sáré jáde, ó kúnlẹ̀. Mo ní ìrànlọ́wọ́ dé. "Mà, ẹ má bínú," ó ní. "Òun ni tálákà wa." Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ: "Gbogbo wa la kọ̀, mà, kí òṣì má lọ lẹ̀ mọ́ wa lára. Ló bá ní kí òun ṣe é dípò wa."

Màmá wo àwọn ọmọ náà lẹ́yìn géètì, ó wo abọ́ mi àti àkàrà tó ṣẹ́kù níbẹ̀. Ó fi etí aṣọ funfun rẹ̀ nu èédú tó kù lójú mi.

"Ẹni tó lè gba irú èyí nítorí ọmọ ọlọ́mọ," ó ní, "kò ní fi ìyà jẹ tèmi."

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín mú un, ó rín in títí ó fi jókòó tì mí nílẹ̀. Ó ní ìyá ìyàwó wo ló tíì wẹ òṣì kúrò lára ọkọ ọmọ rẹ̀ kó tó fún un níyàwó? Bí mo ṣe gba èsì mi nìyẹn, ọjọ́ Ìsinmi ò tíì pé.

Nígbà tí mo wá kọ́ ilé kékeré kan sí Òkè-Odò, mo rò pé owó lẹ́sìnnì tí mò ń kọ́ ọmọ káàkiri lẹ́yìn ilé-ìwé ló kọ́ ọ. Màmá ní rárá o, àdúrà ẹnu géètì ni. Ó mú mi lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí n jẹ́rìí pé mo yadi rí. Mo jẹ́rìí. Ta ló máa bá a jiyàn?

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ò ju pé, kí o tó lọ ṣe tálákà níta, yáa kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí àna ẹ. Mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ náà. Tí wọ́n bá bi mí pé, "Sà, báwo ni wọ́n ṣe ń dín òṣì kù?", mo máa ń sọ ti omi tó mọ́, ti iṣẹ́, ti ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n mo máa ń kọ́kọ́ wo ẹnu géètì ná, bóyá Màmá ń bọ̀.