Kabúrétọ̀ Inú Ike Áísìkiriìmù

Bí mo bá gbàgbé ohun gbogbo láyé, ọjọ́ tí wọ́n da òróró àdúrà sórí kabúrétọ̀ mi lọ́jà Aswani kò ní kúrò lọ́kàn mi.

Alùpùpù bàbá mi ló fa gbogbo rẹ̀. Nígbà tí bàbá wa wà láyé, òun ni wọ́n fi ń gbé mi lọ sílé ìwé, èmi níwájú lórí táńkì, màmá mi lẹ́yìn. Lẹ́yìn tí bàbá kú, abẹ́ àtẹ̀gùn ilé wa ní Ailegun ló wà, tí eruku ń bò ó. Nígbà tó yá, màmá mi ra fìríìsà tí wọ́n fẹ́ fi máa ta omi tútù, wọn ò sì ríbi tó dáa láti gbé e sí àfi abẹ́ àtẹ̀gùn yẹn.

"Mo fún ẹ di ọjọ́ Àìkú," ni wọ́n wí. "Bí alùpùpù yìí kò bá dún, màá pe àwọn tó ń ra irin àlòkù."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Mo búra pé màá tún un ṣe, èmi tí mi ò tún fáànù lásán ṣe rí! Mẹkáníìkì tí mo gbé e lọ bá ní Ìsọlọ̀ wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kì í fọwọ́ kan ohun tó dàgbà ju òun lọ. Ó ṣáà sọ ohun tó ń ṣe é fún mi: kabúrétọ̀, níbi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́ kó tó wọnú ẹ́ńjìnnì, epo àtijọ́ ti gbẹ mọ́ inú rẹ̀. Mo ní, àṣé ìyẹn náà ni? Mo wo fídíò lórí fóònù, mo sì gbà pé mo ti di ọ̀gá.

Àárọ̀ Sátidé ni mo tú u. Bí mo ṣe ṣí ìdérí rẹ̀, sípíríǹgì kan fò jáde, ó bọ́ sínú ẹ̀gúsí tí màmá mi ń ṣà. Wọ́n mú un jáde, wọ́n wò mí, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Ó sàn kí wọ́n bú mi. Mo rọra kó àwọn idẹ wẹẹrẹ inú kabúrétọ̀ náà sínú ike áísìkiriìmù, mo bu kẹrosíìnì lé wọn kí ìdọ̀tí wọn lè rọ̀, mo dé e, mo gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike mìíràn tó jọ ọ́. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ ohun tó máa ń wà nínú ike áísìkiriìmù nílé wa. Áísìkiriìmù kọ́, ọbẹ̀ ni.

Ìyá Ràṣídì, aládùúgbò wa tó ń ta aṣọ ní Aswani, yà kí wa kí wọ́n tó lọ sọ́jà. Màmá mi pariwo láti yàrá: "Bá mi fún Ìyá Ràṣídì ní ọbẹ̀ wọn, ó wà nínú ike lórí tábìlì!"

Ojú mi wà lára fídíò. Mo na ọwọ́, mo gbé ike, mo fi ọ̀rá dúdú wé e, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn. Wọ́n ṣàdúrà fún mi pé mi ò ní ṣiṣẹ́ àṣedànù. Mo ṣe àmín. Gbogbo ilé ló ti ń rùn kẹrosíìnì láti àárọ̀, kò sẹ́ni tó fura.

Nígbà tí mo fẹ́ tò ó padà, mo ṣí ike tó kù. Ẹ̀fọ́ rírò àti pọ̀ǹmọ́ ló wà níbẹ̀. Àyà mi já. Mi ò tiẹ̀ fọ ọwọ́, mo kó sínú kẹ̀kẹ́, ó di Aswani.

Mo bá èrò ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ràṣídì. Ìyá Ràṣídì ti ra ẹ̀bà gbígbóná, wọ́n ti fọwọ́, wọ́n ṣí ike, idẹ wẹẹrẹ ni wọ́n rí nínú omi dúdú. Ta ni kò ní pè é ní òògùn? Ìyá kan tó ń ta léèṣì ti da òróró àdúrà lé e lórí. Bàbá kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Ìyá Ràṣídì fẹ̀yìn ti ògiri, omijé wà lójú wọn.

"Kí ni mo fi ṣe màmá yín?" ni wọ́n bi mí. "Àwa tí a jọ ń jẹ, tí a jọ ń mu!"

Ìtìjú mú mi. Ọ̀rọ̀ irin ló ti fẹ́ ba ọ̀rẹ́ àwọn ìyá méjì jẹ́ yìí. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi ni mo ṣì í gbé. Kabúrétọ̀ ni!"

"Ẹ gbọ́," ni ìyá oníléèṣì wí, "ó tiẹ̀ lórúkọ!"

Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fi gbẹ. Níkẹyìn, Ìyá Ràṣídì nu ojú wọn. "Tó bá jẹ́ ti alùpùpù lóòótọ́, ó yẹ kó dún. Ó yá, ká lọ." Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù, ìyá oníléèṣì sì tẹ̀ lé wa gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, pẹ̀lú ìgò òróró.

Nígbà tí màmá mi gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n ká ọwọ́ lérí. Mo fọ òróró kúrò lára àwọn idẹ náà, mo tò wọ́n padà lójú gbogbo wọn. Síkúrù kan ṣẹ́kù, mo yára fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo bu epo sí i, mo fi ẹsẹ̀ ta á, kò dún. Mo tún ta á, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ni epo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro lábẹ́ kabúrétọ̀. Ìyá oníléèṣì ti ń ṣí ìgò rẹ̀.

Màmá mi bọ́ sílípáàsì ẹsẹ̀ wọn. Mo sún sẹ́yìn, mo rò pé èmi ló kàn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ìdí sílípáàsì náà gbá abẹ́ kabúrétọ̀, kò, kò, kò. Epo dá.

"Bàtà mi ni bàbá yín máa ń gbà tó bá ti ń da epo báyìí," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. "Ó yá, ta á."

Mo ta á. Ó dún! Èéfín bo gbogbo wa. Ìyá Ràṣídì pariwo "Alihamudulilai!", wọ́n dì mọ́ màmá mi. Màmá mi gbé ọwọ́ lé ìjókòó ẹ̀yìn, ibi tiwọn, omi ń dà lójú wọn. Inú mi dùn débi tí èmi náà fi sunkún. Mo ní èéfín ni.

Inú pálọ̀ ni fìríìsà wà báyìí, a máa ń fẹ̀gbẹ́ kọjá lára rẹ̀. Síkúrù yẹn wà lọ́wọ́ mi, mi ò tíì mọ ibi tó ti já. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ò ju pé kí èèyàn ṣí ike wò kó tó fi tọrẹ. Ìyá Ràṣídì náà kọ́gbọ́n. Wọ́n ṣì ń gba ọbẹ̀ lọ́wọ́ mi, àmọ́ kí wọ́n tó dúpẹ́, wọ́n á ṣí ike, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á wá wò mí lójú. Èmi á sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ẹran.