Ẹ̀rọ Ga, Ìyàwó Yí Wálẹ̀

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá, bẹ́ẹ̀dì ló bí i. Onídìrí kan ló pe ọkọ rẹ̀ lẹ́jọ́, Ọ̀gá Wáyà tí ń tún iná ṣe.

"Kábíyèsí, ilẹ̀ yàrá wa ò tẹ́jú. Bàbá mi tó jẹ́ káfíńtà ló gbẹ́ igi méjì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì níhà tí mo ń sùn, kó tó kú. Ọkọ mi yọ wọ́n!"

"Kí ló fi wọ́n ṣe?"

"Ó fi gbé ẹ̀yìn pínbọ́ọ̀lù rẹ̀ sókè!"

Ọ̀gá Wáyà ti fò dìde. "Kábíyèsí, àpótí eré onígíláàsì ni, pálọ̀ mi ló wà. Bọ́ọ̀lù irin ń sáré nínú rẹ̀, apá kékeré méjì wà nísàlẹ̀ tí mo fi ń gbá a padà sókè. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ ò bá ga ju iwájú lọ, bọ́ọ̀lù á kàn jókòó bí àna tó wá kí ni!"

"Ìyàwó rẹ ńkọ́?"

"Òun náà ń yí dáadáa báyìí!"

Ààfin bú sẹ́rìn-ín. Onídìrí ò rẹ́rìn-ín.

"Orí ilẹ̀ ni mo ń jí sí! Mo mi àpótí náà kí n lè yọ igi bàbá mi, ló bá kú fin-ín."

"Irin kan ló so rọ̀ nínú rẹ̀, Kábíyèsí. Téèyàn bá ti mì í jù, á bínú, á pa ara rẹ̀."

"Ẹ̀rọ lè bínú, èmi ò gbọdọ̀ bínú?"

Wọ́n pe télọ̀ tí ń gbé nísàlẹ̀ wọn.

"Obìnrin yìí ò ṣubú rí o."

"Kí ló wá la àjà ilé rẹ?"

"Ìgbà tó ṣubú ni."

"O ò ní ojútì!" ni Onídìrí pariwo mọ́ ọn.

"Kábíyèsí, bí igi bá padà, níbo lèmi ó ti máa rí bọ́ọ̀lù gbá?" ni télọ̀ wí.

Onídìrí gbé ẹrù tó ti dì síwájú ìtẹ́ ọba. "Bí igi bàbá mi ò bá padà, èmi náà ò padà."



"Ọ̀gá Wáyà," ni Kábíyèsí wí, "máa lo igi náà lọ. Ṣùgbọ́n láti òní, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ìwọ ó máa sùn. Ìyàwó rẹ ni bọ́ọ̀lù, ìwọ ni apá. Bó bá ti yí wálẹ̀, gbé e padà sókè. Gbé ni mo wí o, mi ò ní kó o gbá! Bó o bá gbá a, ẹ̀wọ̀n. Bí ìyàwó rẹ bá bínú, ẹ̀rọ di ti ààfin."

Ọ̀gá Wáyà wo ìyàwó rẹ̀, obìnrin ńlá. Ó wo apá ara rẹ̀, wáyà gidi. Ló bá sáré jáde.

Ká tó dìde, ó ti gbé igi méjèèjì dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Pínbọ́ọ̀lù ńkọ́?"

"Kábíyèsí, ó ti tẹ́jú."

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rọ tẹ́jú, ẹni tó ni ín tẹ́.