Àárọ̀ Tí Kọ̀ǹpútà Bàbá Mi Kò Kí Wọn

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan wà tí kò ní parẹ́ lọ́kàn mi láé: àárọ̀ tí mo sọ kọ̀ǹpútà bàbá mi di ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé.

Aṣọ́bodè ni bàbá mi ní Port Harcourt kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, tí wọ́n padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi dúró sí Alakahia ní Port Harcourt níbẹ̀, mò ń tún kọ̀ǹpútà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé n kò rí ẹni dọ̀bálẹ̀ fún láàárọ̀ mọ́. Mo wá kọ àṣẹ ogún ìlà sínú ètò tí Bàbá fi ń kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn. Bí wọ́n bá ti ṣí i, á kọ ọ́ pé: "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Òní ni ọjọ́ Ajé. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Kí orúkọ ọjọ́ tó lè wọ inú gbólóhùn yẹn, mo ní láti gé gbólóhùn náà sí méjì, kí n fi àmì àròpọ̀ so wọ́n mọ́ orúkọ ọjọ́. Ìgbà tí ẹ̀dà tuntun ètò náà dé sórí kọ̀ǹpútà tèmi, kò sí gígé mọ́: àmì dọ́là níwájú, orúkọ nínú àkámọ́, ó parí. Ara mi yá gágá! Lọ́jọ́ Àìkú, mo gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọ kọ̀ǹpútà Bàbá, mo tún gbogbo rẹ̀ kọ lọ́nà tuntun. Èmi ọ̀mọ̀ràn gbàgbé pé ẹ̀dà àtijọ́ ló wà níbẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, fóònù dún.

"Ọmọ yìí, kí ni mo fi ṣe ọ́?"

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Ìwọ kí mi, kọ̀ǹpútà rẹ ò kí mi. Ọ̀rọ̀ pupa ló kọ lù mí. Ó ní àṣìṣe wà ní ìlà kejìlá. Èmi ni àṣìṣe?"

Ọlọ́gbọ́n á dá àmì àròpọ̀ rẹ̀ padà. Èmi kọ̀, mo ní ẹ̀dà tuntun ni kí Bàbá náà máa lò. Mo fi í ránṣẹ́ dé ìdajì, iná lọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí iná dé, ètò náà kò ṣí rárá.

"Ìtàn mi dà?" ni Bàbá ń bi mí. Ìtàn wà níbẹ̀ o, àmọ́ wọn ò rí i ṣí, èmi náà ò sì rí ọ̀nà wọlé mọ́.

Ìyá tó ń ta bọ́lì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi gbọ́ bí mo ṣe ń bẹ̀bẹ̀ lórí fóònù. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Oga Computer! No be your papa? Abeg, enter motor!"

Mo wọkọ̀. Nígbà tí mo dé ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́, tàpòtàpò ni mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, báàgì gùn mí lórí. Mo dá ẹ̀dà àtijọ́ padà, mo dá àmì àròpọ̀ padà, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìkíni yọ. Bàbá ò tiẹ̀ wò ó. Èmi ni wọ́n ń wò.

"Ṣé bó bá bàjẹ́ lo máa ń wá nìyẹn? Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti bà á jẹ́ tipẹ́."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ohun tuntun dára, àmọ́ kí n kọ́kọ́ wo ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni tí mò ń ṣe é fún. Láti ọjọ́ náà, ìkíni yẹn ò já Bàbá kulẹ̀ rí. Èmi nìkan á wá jókòó ní Alakahia láàárọ̀, màá máa rẹ́rìn-ín ara mi: atúnkọ̀ǹpútàṣe tó ń gbàdúrà kí ọ̀kan tún bàjẹ́.